Àgbà Kì Í Wà Lọ́jà Kí Orí Ọmọ Tuntun Wọ́: Ìmọ̀ràn Lórí Yíyan Balógun Ẹgbẹ́ Bọ́ọ̀lù

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹni tó bá ti dé Ọjà Ọba n'Ílọrin nígbà tí èrò pọ̀ yóò mọ ohun tí àwọn baba wa rí kí wọ́n tó pa á lówe. Ìyá ọlọ́mọ ń nájà lọ́wọ́, ó ń ka owó, ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ti sùn lọ, orí ọmọ sì ti yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìyá ò mọ̀. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ló rí i. Àgbà tí òwe yìí ń sọ ò ní kọ́kọ́ béèrè pé ọmọ ta ni, kò sì ní dúró kí wọ́n tó bẹ òun. Ọwọ́ rẹ̀ á ti dé orí ọmọ kó tó lanu sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin kóòṣì àti ẹ̀yin alákòóso ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù àdúgbò, láti Ìlọrin dé Ọ̀fà dé Ọmù-Àrán, nígbà tí ẹ bá ń wá balógun, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe báyẹn ni kí ẹ máa wá.

Kóòṣì kì í wọ pápá. Tí rẹfirí bá ti fọn fèrè, ẹ̀gbẹ́ ìlà ni kóòṣì wà, ibẹ̀ ni yóò ti máa pariwo, ìdajì ohun tó sì ń sọ ni afẹ́fẹ́ ń gbé lọ. Ẹni tó wà nínú pápá ló máa kọ́kọ́ fọwọ́ kan wàhálà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa ló rò pé oyè ìgbádùn ni ọ̀já tí wọ́n ń so mọ́ apá yẹn. Òfin 3 nínú òfin eré bọ́ọ̀lù sọ ọ́ gbangba pé balógun kò ní ipò tàbí àǹfààní kankan tó ju ti àwọn yòókù lọ. Ẹrù ló ní: ìwà àwọn tó kù lórí pápá wà lọ́rùn rẹ̀. Òun ló ń bá rẹfirí dúró nígbà tí wọ́n bá ń ta owó sókè láti mọ ẹni tó máa mú ilé àti ẹni tó máa kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù.

Ẹrù náà tún ti wúwo sí i. Láti sáà 2024/25, IFAB tó ń ṣe òfin bọ́ọ̀lù fún gbogbo ayé ti là á sílẹ̀ fún àwọn ìdíje tó bá fẹ́ lò ó pé balógun nìkan ni kó máa lọ bá rẹfirí tí ìpinnu kan bá dá awuyewuye sílẹ̀. Wọ́n lò ó ní Euro 2024, ìdíje àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù, ní Jámánì, àwa tá a wo ìdíje náà rí bí àwọn tó kù ṣe ń dúró lọ́ọ̀ọ́kán. Tó bá jẹ́ aṣọ́lé ni balógun, wọ́n á ti dárúkọ ẹlòmíràn tí yóò máa lọ bá rẹfirí, torí aṣọ́lé ò lè máa fi ilé sílẹ̀ sáré káàkiri. Ẹ wá ro ọmọ tí inú ń tètè bí, tó jẹ́ pé ojú ló fi ń bá rẹfirí jà, kí ẹ so ọ̀já yẹn mọ́ ọn lápá. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Káàdì tó bá gbà, ẹgbẹ́ ló máa jẹ gbèsè rẹ̀.

Báwo la ṣe ń rí ẹni tó yẹ? Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ, ilé tá a sì máa wò ni pápá ìdánrawò. Ẹ má wo ọjọ́ tí ẹ borí; lọ́jọ́ ayọ̀, gbogbo ènìyàn ló ń ṣe bí olórí. Ẹ wo ìrọ̀lẹ́ kan lẹ́yìn ìrun Alásárì, tí ẹ pín àwọn ọmọ sí méjì, tí eruku pupa ń sọ, tí ara ti ń rẹ gbogbo wọn. Bọ́ọ̀lù tí kò le rárá wá yọ́ gba àárín ẹsẹ̀ aṣọ́lé kọjá. Ẹ má wo bọ́ọ̀lù náà mọ́. Ojú àwọn ọmọ ni kí ẹ wò. Ọ̀kan á ju ọwọ́ méjèèjì sókè. Ọ̀kan á pòṣé, á kọ ẹ̀yìn sí i. Ọ̀kan á bẹ̀rẹ̀ sí í so okùn bàtà tí kò tú. Ṣùgbọ́n ẹ ó rí ẹnì kan tó máa sáré wọnú àwọ̀n, tó máa fọwọ́ ara rẹ̀ gbé bọ́ọ̀lù náà, tó máa fọwọ́ kan orí aṣọ́lé, tó máa sọ fún un pé: "Ó ti lọ. Èyí tó kàn, gbá a sí mi lẹ́sẹ̀." Bó ṣe ń gbé bọ́ọ̀lù padà sí àárín, á yà lọ́dọ̀ bákì ọwọ́ òsì tó jẹ́ kí ọ̀tá ráyè kọjá, á sọ gbólóhùn kan fún un létí, láìsí ariwo. Ẹ kọ orúkọ ọmọ yẹn sílẹ̀.

Ẹ wo èyí tó fara hàn lẹ́yìn pápá náà. Ta ló máa ń béèrè ọmọ tí kò wá? Ta ni àwọn kékeré máa ń lọ bá tí wọn ò bá ní owó mọ́tò? Ta ló ń ká àwọ̀n nígbà tí àwọn yòókù ti ń sáré lọ kí Mangaríbì má bàa bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́? Ó lè jẹ́ ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Àpò tó kún fówó kì í dún. A ti rí àwọn tó ń pariwo láti ìbẹ̀rẹ̀ eré títí dé òpin, tí ẹnikẹ́ni ò sì lè sọ ohun kan pàtó tí ariwo wọn tún ṣe.

Àwọn kan á ní kí àwọn ọmọ dìbò. Ìbò dára, àmọ́ ọmọ àdúgbò kan náà, ọmọ ilé kéwú kan náà, wọ́n á dìbò fún ara wọn, inú ẹgbẹ́ á sì pín sí méjì kí sáà tó bẹ̀rẹ̀. Ohun tí mo fara mọ́ ni kí kóòṣì pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kó bi wọ́n ní ìbéèrè kan ṣoṣo: "Tí wọ́n bá gbá góòlù méjì wọlé wa kí ìdajì eré tó pé, ohùn ta lo fẹ́ gbọ́?" Bí ọmọ bá gbọ́ ìbéèrè yìí, ọ̀rẹ́ ò ní kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn. Ẹni tó gbẹ́kẹ̀ lé ni yóò dárúkọ.

Ẹ̀wẹ̀, ẹ má ṣe gbàgbé pé ẹni tó ń gbá góòlù wọlé jù lè má jẹ́ òun ló yẹ. Àwa ará Kwara ló yẹ kó mọ èyí ju ẹnikẹ́ni lọ, torí ọmọ Ìrá ni Rashidi Yekini, orúkọ rẹ̀ ló sì wà lára pápá ńlá tí Kwara United ń lò n'Ílọrin. Ní 1993, òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ṣe agbábọ́ọ̀lù tó dára jù ní Áfíríkà. Nínú ìdíje ife ilẹ̀ Áfíríkà ní Tùnísíà lọ́dún 1994, góòlù 5 ló gbá wọlé, kò sí ẹni tó gbá tó bẹ́ẹ̀ nínú ìdíje náà. Síbẹ̀, Stephen Keshi ni balógun, òun ló gbé ife sókè. Nínú àṣekágbá pẹ̀lú Zambia, Emmanuel Amuneke ló gbá góòlù méjèèjì tí a fi borí. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, ní Amẹ́ríkà, Yekini gbá góòlù àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà gbá wọlé nínú ìdíje ife àgbáyé, ó na ọwọ́ méjèèjì gba inú àwọ̀n, ó ń sunkún ayọ̀. Àìjẹ́ balógun ò dín iyì rẹ̀ kù níbì kan. Ẹnu àwọ̀n ni iṣẹ́ tirẹ̀ wà, ti Keshi sì ni dídarí ẹgbẹ́. Ẹnì kan kì í jẹ́ "àwá dé".

Mi ò sọ pé ọ̀gá nínú bọ́ọ̀lù ò lè jẹ́ balógun. Jay-Jay Okocha ṣe é fún Super Eagles, ó sì yẹ ẹ́. Ohun tó ń bà mí nínú jẹ́ ni ọmọ atamátàsé tí ara rẹ̀ yá gágá lánàá, tí wọ́n wá gbé ẹrù tí kò bèèrè lé lórí, tí kò wá lè gbá bọ́ọ̀lù mọ́, tí kò sì lè darí ẹnikẹ́ni. Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ.

Ibi tó ti máa ń le jù ni ọ̀dọ̀ ẹni tó ń náwó. Gbogbo ẹni tó bá ti wà nínú ẹgbẹ́ àdúgbò rí mọ̀ ọ́n. Bàbá kan ra jẹ́sì, ó ń sanwó ọkọ̀ tí a bá fẹ́ lọ gbá bọ́ọ̀lù l'Ọ́fà tàbí l'Ájàṣẹ́-Ìpo, ọmọ rẹ̀ sì wà nínú ẹgbẹ́. Wọ́n á rán èèyàn sí kóòṣì. Tí kóòṣì bá ń fà sẹ́yìn, wọ́n á pa á lówe fún un: ọmọ ẹni kì í ṣè ìdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀, ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Òwe gidi ni, àmọ́ èmi á fi òwe fèsì: ohun tó yẹni ló yẹni, okùn ọrùn ò yẹ adìyẹ. Tí ẹ bá so ọ̀já mọ́ ọmọ náà, ọmọ yẹn gan-an lẹ kọ́kọ́ ṣe níkà. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ò ní gbọ́ tirẹ̀, wọn ò sì ní sọ ìdí rẹ̀ fún un.

Kí kóòṣì má bá bàbá náà jà o. Kó lọ bá a nílé, kó dọ̀bálẹ̀, kó ní: "Alájì, Ọlọ́run á san yín lẹ́san. Ọmọ yín, ọmọ wa ni. Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ mú ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró nínú ẹgbẹ́, kí ẹnikẹ́ni má lè sọ pé owó yín ló gbé e síbẹ̀." Kí wọ́n fi bàbá ṣe bàbá ìsàlẹ̀ ẹgbẹ́, kó wá bọ àwọn ọmọ lọ́wọ́ kí eré tó bẹ̀rẹ̀, kó ṣàdúrà fún wọn. Iyì tirẹ̀ nìyẹn, kò sì ba nǹkan kan jẹ́.

Balógun kan ṣoṣo ò tó pẹ̀lú. Ẹ wo Ìlọrin fúnra rẹ̀: lábẹ́ Ẹmíà, Balógun mẹ́rin ló wà, Balógun Gàm̀bàrí, Balógun Fúlàní, Balógun Alánàámú àti Balógun Àjíkòbì, kálukú pẹ̀lú apá ìlú tirẹ̀. Ìlú tó mọ ogun ò kó gbogbo ogun lé ẹnì kan lórí. Nínú ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù náà, ẹ yan balógun, ẹ yan igbákejì lọ́jọ́ kan náà, kí ẹ sì fún ẹ̀yìn, àárín àti iwájú ní ẹnì kọ̀ọ̀kan tí yóò máa sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Aṣọ́lé ló ń rí gbogbo pápá, òun ni kó máa to àwọn tó dúró bí ògiri nígbà tí ọ̀tá bá fẹ́ gbá fíríkíìkì. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè: ọmọ ọdún 17 tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá, ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ìlà kó máa sáré. Ẹ̀gbọ́n tí orúnkún ti ń dùn, àmọ́ tó mọ ibi tí bọ́ọ̀lù máa bọ́ sí kó tó bọ́ síbẹ̀, ẹ gbé e sí àárín. Ẹ má yí i padà nítorí pé ẹnì kan ń bínú.

Ọ̀rọ̀ pẹnáritì, ẹ parí ẹ̀ nílé. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rí ọmọ méjì tí wọ́n ń já bọ́ọ̀lù gbà mọ́ ara wọn lọ́wọ́ níwájú èrò, tí aṣọ́lé ọ̀tá dúró tó ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ dárúkọ ẹni tó máa gbá a, àti ẹni tó máa gbá a tí onítọ̀hún ò bá sí. Fún ìdíje ife, ẹ to márùn-ún sílẹ̀ tẹ̀léra-tẹ̀léra, ẹ sì fi ẹnì kẹfà kún un. Ní 2025, ọ̀mì ni Kwara United àti Abakaliki FC gbá nínú àṣekágbá Federation Cup, pẹnáritì ni Kwara United sì fi gba ife náà fún ìgbà àkọ́kọ́. Ẹsẹ̀ tó ń gbọ̀n nírú àsìkò bẹ́ẹ̀ máa ń balẹ̀ díẹ̀ tó bá ti mọ̀ láti àná pé òun ló kàn.

Akápò kò gbọdọ̀ jẹ́ balógun. Tí owó bá dín, ẹnu rẹ̀ á wúwo lórí pápá.

Ó ku ti balógun àtijọ́, tí ọjọ́ orí tàbí ẹsẹ̀ dídùn ti lé kúrò nínú mọ́kànlá àkọ́kọ́. Ẹ má jẹ́ kó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ burúkú ní í yọ ọfà lápó. Ní 2013, Keshi kan náà ti di kóòṣì Super Eagles. Orí bẹ́ǹṣì ni Joseph Yobo tó jẹ́ balógun ti wo ọ̀pọ̀ nínú ìdíje ife ilẹ̀ Áfíríkà ní South Africa, Vincent Enyeama ló ń so ọ̀já lórí pápá. Nígbà tí àṣekágbá pẹ̀lú Burkina Faso ku díẹ̀ kó parí, Keshi mú Yobo wọlé, Yobo ló sì gbé ife. Ẹ jókòó pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n náà ṣáájú gbogbo ènìyàn, ẹ gba ìmọ̀ràn lẹ́nu rẹ̀ lórí ẹni tó máa rọ́pò rẹ̀, kí òun gan-an fọwọ́ ara rẹ̀ so ọ̀já mọ́ aburo rẹ̀ lápá lójú gbogbo ẹgbẹ́.

Tí ẹ bá ti yàn tán, ẹ fún ọmọ náà ní sáà kan gbáko. Bí eré méjì àkọ́kọ́ ò bá lọ dáadáa, ẹ má já ọ̀já gbà lápá rẹ̀ níwájú èrò. Ẹ pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ìdánrawò tó kàn tó bẹ̀rẹ̀, ẹ bi í ní ohun tó rí, kí ẹ sì jẹ́ kó sọ ọ́ tán kí ẹ tó sọ tiyín.