Plásímà kọ́ ni wọ́n ya àwòrán géèmù àtijọ́ fún

Ẹ̀yin olólùfẹ́ géèmù àtijọ́, ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn tipẹ́. Ẹnìkan á gbé àwòrán Sonic tàbí Mario sórí íntánẹ́ẹ̀tì, á ti fẹ̀ ẹ́ títí igun píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan (ẹyọ kékeré tí wọ́n fi ń to àwòrán) á fi mú ṣáṣá, á wá kọ ọ́ sí i pé, "Ẹ wo bí géèmù ṣe rí nígbà èwe wa." Irọ́ gbuu ni. Kò rí bẹ́ẹ̀ nígbà èwe ẹnikẹ́ni. Lójú tèmi, ìdajì àwòrán ló wà nínú géèmù yẹn; ìdajì yòókù, tẹlifíṣọ̀n ló ń yà á.

TV ẹlẹ́yìn gbàgìdì tó kún pálọ̀ wa nígbà náà kò mọ ohun tó ń jẹ́ píksẹ́lì onígun mẹ́rin. Ìbọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ló wà ní ìdí rẹ̀ lẹ́yìn, tó ń yin ìtànṣán sí gíláàsì iwájú. Wọ́n ti fi èròjà tó ń tàn kun inú gíláàsì náà, pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù, ní ẹyọ kéékèèké. Ìtànṣán yẹn á máa gbá ojú gíláàsì já láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì, ìlà kan tẹ̀lé òmíràn, ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan níbi tí wọ́n ti ń lo PAL (ìlànà tí TV fi ń gba àwòrán) bíi Nàìjíríà, bíi ìgbà 60 ní Amẹ́ríkà àti Japan. Ibi tó bá kàn á tàn, ṣùgbọ́n etí ìmọ́lẹ̀ náà kì í dá gedegbe. Ṣe ló ń rọra wọnú ti aládùúgbò rẹ̀. Èyí tó wù mí jù níbẹ̀ ni pé ibi tó bá mọ́lẹ̀ máa ń fẹ̀ ju ibi tó ṣókùnkùn lọ. Píksẹ́lì funfun kan àti píksẹ́lì aláwọ̀ eérú kan, ọgbọọgba ni wọ́n nínú kọ̀ǹpútà, àmọ́ tí wọ́n bá dé ojú TV, funfun á ti sanra jù ú lọ. Ayàwòrán tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ á fi ìyẹn ya imú, á fi ya ojú tó ń dán.

Ẹ wo Sonic ti ọdún 1991, ìpele àkọ́kọ́ tí wọ́n ń pè ní Green Hill. Omi kan wà níbẹ̀ tó ń dà ṣọ̀ọ̀rọ̀ láti òkè. Ẹ fi emulator (ètò tó ń gbé géèmù àtijọ́ sórí ẹ̀rọ òde òní) ṣí i lórí plásímà, TV pẹlẹbẹ òde òní, kí ẹ sún mọ́ ọn dáadáa: ìlà òòró ni ẹ ó rí, ìlà omi kan, àlàfo kan, ìlà omi kan, àlàfo kan, títí dé ìsàlẹ̀. Kò jọ omi rárá. Mega Drive tó ń gbé géèmù náà kò ní ọ̀nà gidi láti ya ohun tí èèyàn lè rí ẹ̀yìn rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni wáyà olórí yẹ́lò tí a fi ń so géèmù mọ́ TV kò lè gbé ìlà tó tín-ín-rín tó bẹ́ẹ̀ láìdà wọ́n pọ̀. Kí àwòrán náà tó dé ojú TV, omi àti àlàfo á ti wọnú ara wọn, ẹ ó sì máa rí ohun tó wà lẹ́yìn omi náà fírífírí. Àwọn kan ní èèṣì ni. Èmi ò gbà. Ta ló ń ṣèèṣì fa ìlà tó gún régé báyẹn?

Irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ kún inú géèmù ìgbà náà, nítorí àwọ̀ ò tó wọn lò. Àwọ̀ 512 ni Mega Drive mọ̀ lápapọ̀, àmọ́ nǹkan bíi 60 ló sábà máa ń lè gbé sójú TV lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá fẹ́ kí ojú ọ̀run máa ṣú díẹ̀díẹ̀ á wá máa to píksẹ́lì àwọ̀ méjì, ẹyọ búlúù kan, ẹyọ àlùkò kan. Ẹ ti rí aṣọ òkè tí wọ́n hun òwú méjì mọ́ra títí ojú fi gbà pé àwọ̀ kẹta ló wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni. TV àti wáyà ló ń bá ayàwòrán pò wọ́n. Lórí plásímà, kò sẹ́ni tó pò wọ́n.

Dracula inú géèmù Castlevania ti 1997 náà ńkọ́? Àwòrán ojú rẹ̀ máa ń yọ tó bá ń sọ̀rọ̀. Lórí plásímà, tóńtó pupa ló wà níbi ẹyinjú rẹ̀, ó dà bí ohun tí wọ́n gbàgbé síbẹ̀. Lórí TV àtijọ́, pupa yẹn á ràn díẹ̀, ẹyinjú á yọ, ọkùnrin náà á sì máa wò yín tìkà-tìkà.

Ẹni tó bá ṣì ń jiyàn, kó lọ wo kọ̀ǹpútà Apple II tí Steve Wozniak ṣe ní 1977. Tó bá ń ya àwòrán tó pọ̀ ní píksẹ́lì, kò sí àwọ̀ kankan tó ń kó sínú iyè rẹ̀ bí kọ̀ǹpútà òde òní ṣe ń ṣe. Kó tàn, kó kú, ohun tó ń rán sí TV ò ju ìyẹn lọ, àmọ́ ó ń ṣe é kíákíá débi pé TV Amẹ́ríkà tó ń lo NTSC, ìlànà tiwọn, á gbà á sí àmì àwọ̀. Tí píksẹ́lì bá bọ́ sí ipò kan, àlùkò á yọ. Tó bá sún díẹ̀, àwọ̀ ewé. Lọ́dọ̀ àwa oní-PAL, idán náà ò jẹ́: Apple II tí wọ́n ṣe fún ilẹ̀ Yúróòpù, dúdú àti funfun ló ń gbé jáde àfi téèyàn bá ra káàdì àwọ̀ kún un. Ẹ wá fi àwọ̀ náà hàn mí nínú kọ̀ǹpútà yẹn, tí ẹ bá rí i.

Àmọ́ mi ò sọ pé gbogbo àwòrán àtijọ́ ló nílò TV o. Game Boy ti 1989, géèmù àfọwọ́mú, ojú tirẹ̀ ló gbé wá, kì í ṣe onígíláàsì gbàgìdì. Kọ̀ǹpútà tó ń lo VGA (ìlànà àwòrán mónítọ̀) náà, láti 1987, ẹ̀ẹ̀mejì ló ń fa ìlà kọ̀ọ̀kan tí géèmù bá jẹ́ onílà 200, nítorí náà píksẹ́lì rẹ̀ máa ń hàn ketekete lójú mónítọ̀. Ẹni tó ń ṣe géèmù DOS, ti kọ̀ǹpútà ìgbà yẹn, lórí plásímà kò jẹ mí ní gbèsè. Àwọn ọmọ òde òní tó ń ya píksẹ́lì onígun mẹ́rin náà, iṣẹ́ wọn wù mí, kí wọ́n ṣáà má pè é ní bó ṣe rí láyé ọjọ́un.

(Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbẹ́: níbí, wọ́n ń fọ́ TV wọ̀nyí láti yọ kọ́pà inú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ òjé wà nínú gíláàsì wọn. L'Amẹ́ríkà, àwọn onígéèmù ń du Sony PVM, mónítọ̀ ẹlẹ́yìn gbàgìdì tí ilé ìwòsàn àti ilé iṣẹ́ TV ti lò tì mọ́ra wọn lọ́wọ́.)

Ẹni tí kò rí TV náà rà, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ shader (ètò tó ń yí bí àwòrán ṣe rí padà) sí nínú emulator yín, kí ẹ yan èyí tó ní CRT (TV ẹlẹ́yìn gbàgìdì nìyẹn) lórúkọ. Ẹ fi ti èyí tó kàn ń fa ìlà dúdú kọjá lórí àwòrán sílẹ̀, ṣíṣú ló ń ṣú u. Kí ẹ sì fi ìbú rẹ̀ sí 4:3, ìbú mẹ́rin sí òòró mẹ́ta. Píksẹ́lì 256 ní ìbú, 224 ní òòró, ni Super Nintendo sábà máa ń yà, TV ló ń fà á fẹ̀. Ìdí nìyẹn tí òṣùpá àti orí èèyàn fi máa ń rí tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹ kò bá fà á.

Ṣùgbọ́n kò sí shader fún ìbọn Duck Hunt, géèmù yíyìnbọn pa pẹ́pẹ́yẹ ti Nintendo. Tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ojú TV á kọ́kọ́ ṣú, àpótí funfun á wá yọ níbi tí pẹ́pẹ́yẹ wà, ìbọn á sì wò ó bóyá ìmọ́lẹ̀ náà wà níwájú òun. Plásímà máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó gbé àwòrán jáde. Kí funfun yẹn tó yọ, ìbọn ti gbà pé ẹ ta á tì. Ẹ lè fi ẹnu rẹ̀ kan gíláàsì plásímà yín, pẹ́pẹ́yẹ ò ní kú.