Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà: ẹ̀yin tí ẹ ń torí VAR jà

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi jàre. Sátidé tó kọjá, níbi tí a ti ń wo bọ́ọ̀lù ládùúgbò wa, ọkùnrin méjì tí wọ́n jọ máa ń jẹ nínú abọ́ kan fa ara wọn láṣọ ya torí ọ́fúsáìdì tí VAR, kámẹ́rà tí wọ́n fi ń tún ìpinnu rẹfirí yẹ̀ wò, dá, pé agbábọ́ọ̀lù kan ti kọjá àwọn adènà kí wọ́n tó gbá bọ́ọ̀lù sí i. Ọ́fúsáìdì o! Àwọn baba wa ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni, ìyẹn àgbà tí kò jẹ́ kí ẹnìkejì lanu tó fi dájọ́. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń wo bọ́ọ̀lù báyìí, jẹ́sì tó wà lọ́rùn wa nìkan la ń gbọ́ tiẹ̀.

Ẹ rántí 2000 ní Súrùlérè, àṣekágbá ife Áfíríkà, àwa àti Kamẹrúùnù. Pẹnáritì tí Victor Ikpeba gbá lu igi òkè, ó balẹ̀ sẹ́yìn ìlà, rẹfirí ará Tùnísíà ní kò wọlé, wọ́n gbé ife lọ mọ́ wa lọ́wọ́. Títí dòní là ń sọ pé ká ní VAR ti wà nígbà yẹn ni. Ó dáa, VAR dé. Ní February 2024, ní Bouaké ní Ivory Coast, Osimhen gbá góòlù kejì sáwọ̀n South Africa, gbogbo wa ti ń jó, àfi bí wọ́n ṣe ní ká padà sẹ́yìn, pé Alhassan Yusuf tiwa ti gbá Percy Tau tiwọn lẹ́sẹ̀ nínú eighteen wa, iwájú góòlù wa, kí bọ́ọ̀lù tó kúrò níbẹ̀. Góòlù wa di pẹnáritì tiwọn, 2-0 di 1-1. Èébú tí VAR jẹ lálẹ́ ọjọ́ yẹn ò kéré, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ kan ẹsẹ̀, gbogbo wa la rí i! Ṣé kámẹ́rà tí ẹ̀ ń fẹ́ fún Ikpeba kọ́ nìyí ni?

Mi ò ní wọn kì í ṣàṣìṣe o. September 2023, Luis Díaz gbá góòlù fún Liverpool nílé Tottenham, kò sí ọ́fúsáìdì níbẹ̀ rárá, àmọ́ àwọn tó wà nídìí VAR rò pé rẹfirí ti fún wọn ní góòlù ni, wọ́n ní kò séwu, géèmù ń lọ, kí wọ́n tó mọ̀ pé rẹfirí ti fagi lé e lórí pápá, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Àwọn ọ̀gá rẹfirí fúnra wọn gbà pé àṣìṣe èèyàn ni. Irú ìyẹn tó bíni nínú, mo gbà.

Àmọ́ ṣé ó yẹ ká torí ẹ̀ gbé sípánà? Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì, oṣù mẹ́ta péré ló kù kó ṣe fíríìdọ̀mù, ó bá kọ́sítọ́mà ọ̀gá ẹ̀ jiyàn lórí ọwọ́ kan bọ́ọ̀lù, ni sípánà bá kúrò lọ́wọ́ ẹ̀. Ọ̀gá lé e. Ìjà ò dọlà, orúkọ ló ń sọ ni. "Ọmọ onísípánà" ni wọ́n ń pè é dòní. Àwọn tó torí wọn jà, wọ́n ti pààrọ̀ jẹ́sì, wọ́n ti dì mọ́ra wọn, wọ́n ti wọ bọ́ọ̀sì lọ.

Ẹ̀yin méjèèjì tí ẹ faṣọ ya yìí, bàbá ọmọ ni yín. Ìyàwó yín ń kí ara wọn lọ́jà, ẹ̀yin ń yẹra fún ara yín lójú títì, ojú ò tì yín? Ẹ lọ bẹ ara yín kó tó di Sátidé.