Ìwé Ọmọ Tí Kì Í Pé

Inú ń bí mi gidigidi pé ìwé kan kì í ṣàìkù nígbàkúùgbà tí a bá ń wá físà fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, tí ìyá wa ń tọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́, kí ó lè lọ máa gbé lọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀ ní ìlú ọba. Ìwé àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ tí a torí rẹ̀ mú un lọ sí Èkó kì í ṣiṣẹ́ kọjá oṣù 6. Kí a tó kó ìyókù jọ, ó ti di aláìwúlò, owó ọkọ̀ sì ti wọgbó. Èyí tí ó wá burú jù ni pé wọ́n ń béèrè ẹ̀rí pé bàbá ń gbọ́ bùkátà ọmọ rẹ̀. Ta ní ń gba rìsíìtì lọ́wọ́ ẹni tí ó ń wọn gàrí lọ́jà? Ẹ̀rí wo ni wọ́n tún ń fẹ́ lẹ́yìn fọ́tò, lẹ́tà ilé ẹ̀kọ́ àti owó tí ó ń wọ àkáǹtì Màmá lóṣooṣù?