Bí kò bá sí pátákó, kò yẹ kí fáìnì wà

Ẹ jẹ́ ká sọ ibi tá a dúró sí látìbẹ̀rẹ̀ kó má baà di pé à ń pẹ́ ọ̀rọ̀ sọ: ibi tí ìjọba ò bá ti gbé pátákó síta pé iye báyìí ni kí mọ́tò sá mọ o, kò yẹ kí ìjọba gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni níbẹ̀ lórí eré àsápajúdé. Kó wọ inú ìwé òfin bẹ́ẹ̀, kí adájọ́ rí i tọ́ka sí. A mọ̀ pé àwọn kan ti ń bínú báyìí, wọ́n á ní ṣé ẹ fẹ́ máa gbè sẹ́yìn àwọn dírẹ́bà tó ń pa wá lójú títì ni. Rárá o, ẹ kà á tán ná.

Eré ń pààyàn, kò sí àríyànjiyàn ńbẹ̀. Nàìjíríà nìkan, àwọn tó kú sójú títì ju 5,000 lọ́dún 2023, wọ́n tún ju bẹ́ẹ̀ lọ́dún 2024, àwọn tí àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó rí kà sílẹ̀ nìyẹn. Mọ́tò tó ń sá 100 kìlómítà ní wákàtí kan, agbára tó fi ń kọlu nǹkan jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin ti èyí tó ń sá 50, kì í ṣe ìlọ́po méjì bí ọ̀pọ̀ ṣe rò. Torí ìyẹn gan-an la ṣe fẹ́ kí òfin yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Òfin tí ẹni tó ń wakọ̀ ò rí, tí ẹni tó mú un náà ò lè nàka sí, kì í jẹ́ kẹ́nikẹ́ni tẹ búrèkì, owó nìkan ló ń pa.

Ẹ wo bó ṣe wà nínú ìwé. Ìlànà ìrìnnà ọdún 2012 ní kí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ má ju 50 láàárín ìlú, 80 ní títì tó ti ìlú kan dé òmíì, 100 ní márosẹ̀. Takisí àti bọ́ọ̀sì, 90 ni tiwọn ní márosẹ̀. Táńkà àti tírélà, 45 nínú ìlú, 60 ní márosẹ̀ (ẹ má jẹ́ ká sọ̀rọ̀ tírélà tó ń sá 60, ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹ ò tíì rí i). Ẹni tó bá kọjá ẹ̀, 3,000 náírà. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ níbo gan-an ni ìlú ti bẹ̀rẹ̀? Tó o bá ń ti Ìbàdàn bọ̀ l'Ékòó, márosẹ̀ kan náà yẹn ló gba Ògèrè, ló gba Mówe, ló gba Ìbàfò, ilé lọ́tùn-ún ilé lósì, ọjà ń ná, ọmọ iléèwé ń sọdá, ọlọ́kadà ń gba wọ́n-wéè bọ̀ níwájú ẹ. Ṣé 100 ni àbí 50? Dírẹ́bà á ní márosẹ̀ lòun wà, ẹni tó dá a dúró á ní inú ìlú lo wà yìí, inú ìwé kan náà làwọn méjèèjì sì ti ń fa ọ̀rọ̀ yọ. Pátákó kan péré tí wọ́n kọ 50 sí á parí ìjà yẹn. Nígbà tí kò bá wá sí, ibẹ̀ ni "ẹ ṣe wá bó ṣe yẹ" ti ń bẹ̀rẹ̀, torí nọ́ńbà tí ò dájú, ẹnu ni wọ́n fi ń ná an.

Ṣé kò sí pátákó rárá ni? Ó wà láwọn ibì kan. Òmíì, pósítà olóṣèlú ti bò ó láti ìgbà ìbò, òmíì koríko ti ga jù ú lọ, òmíì àwọn tó ń ta irin kọ̀ńdẹ́ẹ̀mù ti hú u lóru, òpó ẹ̀ nìkan ló kù, nígbà míì òpó náà ò sí. Òfin wà fún ẹni tó bá yọ pátákó tàbí tó bà á jẹ́ o, 5,000 náírà. Àmọ́ ta ló yẹ kó gbé òmíì síbẹ̀? Òfin ọdún 2007 tó gbé àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ró sọ pé àwọn ni kó pinnu ìwọ̀n eré, àwọn náà ni kó mú ẹni tó bá ré e kọjá. Ṣùgbọ́n títì kì í ṣe tiwọn. Òmíì jẹ́ ti iléeṣẹ́ tó ń rí sí iṣẹ́ òde l'Abuja, àjọ kan tó ń jẹ́ FERMA ló sì ń tún un ṣe, òmíì ti ìpínlẹ̀, òmíì ti káńsù. Ẹni tó ń gba fáìnì kọ́ ló ni pátákó, ẹni tó ni pátákó kò sì pàdánù nǹkan kan bí kò bá gbé e síbẹ̀. Bó bá máa dùn wọ́n lápò ni, pátákó á ti pọ̀ lójú títì tipẹ́.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣe títì lọ́wọ́ ló burú jù. Gbogbo ẹni tó bá gba Èkó sí Ìbàdàn láwọn ọdún tí wọ́n fi ń tún un ṣe ló mọ̀ pé o lè máa bọ̀ lóru, kí títì kàn dédé yà sọ́nà kejì, dúrọ́ọ̀mù kan ló máa wà níbẹ̀, láìsí iná, láìsí ohun tó ń tàn. Òfin ti rò ó o: kọngílá tí ò bá gbé pátákó ìkìlọ̀ tó péye síbi iṣẹ́, 50,000 náírà ni, dírẹ́bà tó bá sáré jù níbẹ̀, 3,000. Ta lẹ máa ń rí tí wọ́n dá dúró nínú àwọn méjèèjì? Ewé tútù tí onítírélà tí ọkọ̀ ẹ̀ bàjẹ́ ń já sójú títì, òun ni pátákó tí gbogbo wa mọ̀ ọ́n kà jù ní orílẹ̀-èdè yìí, kò sẹ́ni tó rí i tí kì í rọra.

Ní báyìí, kámẹ́rà ti dé. Lọ́dún 2025 ìjọba Èkó gbé kámẹ́rà tó ń wọn eré sí Alápẹ̀rẹ̀ àti títì Mobolaji Bank Anthony n'Íkẹjà, nọ́ńbà mọ́tò rẹ ni wọ́n fi ń wá ẹ, tẹ́sítì á kàn wọlé sórí fóònù. Àwa fẹ́ràn kámẹ́rà. Kì í gba rìbá, kì í mọ ẹni tó jẹ́ ọmọ ọ̀gá. Àmọ́ ẹ̀rọ ò lè gbọ́ àlàyé, ẹni tí tẹ́sítì bá bá nílé ò lè sọ fún un pé òun ò rí nọ́ńbà kankan lójú ọ̀nà. Nítorí náà, pátákó ni kó ṣáájú kámẹ́rà, kó tóbi, kó máa tàn lóru, kó sì tún wà lẹ́yìn gbogbo ìyànà tí mọ́tò ti lè já sí títì náà.

Àwọn òyìnbó Ìlú Ọba ti yanjú eléyìí tipẹ́. Òfin ìrìnnà wọn ọdún 1984, abala 85, sọ ọ́ ní kedere pé wọn ò ní dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi eré bí pátákó tó yẹ kó fi ìwọ̀n eré hàn ò bá sí níbẹ̀. Títì tí iná ojú títì bá tò sí, tí òpó kan sí èkejì ò ju nǹkan bíi 183 mítà, 30 máìlì ní wákàtí kan ni ní England àyàfi tí pátákó bá sọ nǹkan míì, ọmọ wa tó ń wakọ̀ ní Peckham ní London mọ ìyẹn lórí. Lọ́dún 2006 ilé ẹjọ́ gíga wọn tún sọ pé ibi tí wọ́n ti ní o sáré jù yẹn gan-an, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé pátákó ti fún ẹ ní ìmọ̀ tó tó kó o tó débẹ̀. Ṣé wọ́n wá ń sá eré bí wèrè? Àwọn tó ń kú sójú títì wọn ò tó 2,000 lọ́dún.

Wọ́n á ní àìmọ òfin kì í ṣe àwáwí. Òótọ́ ni, fún òfin tó jẹ́ bákan náà níbi gbogbo. Nọ́ńbà tó ń yí padà láti abúlé sí abúlé, ojú títì nìkan lèèyàn ti lè kà á. Wọ́n á tún ní àwọn ọ̀daràn á rí ihò sá gbà. Ihò wo? Ẹni tó bá sá 160 gba àárín ọjà Mówe, ẹ mú un fún ìwàkuwà, òfin ẹ̀ dá wà lọ́tọ̀, 50,000 náírà, kò sì nílò pátákó kankan.

Gbólóhùn kan péré la fẹ́ kí ilé aṣòfin àpapọ̀ fi kún òfin, kí tàwọn ìpínlẹ̀ náà ṣe bẹ́ẹ̀. Kó tó dìgbà yẹn, àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó lè pàṣẹ fáwọn òṣìṣẹ́ wọn lọ́la òde yìí pé kẹ́nikẹ́ni má gbé ẹ̀rọ tó ń wọn eré dúró síbi tí kò sí pátákó, kí fọ́tò pátákó sì máa bá tíkẹ́ẹ̀tì rìn. Kí wọ́n fi Èkó sí Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin tí wọ́n bá sì dá dúró lónìí, ẹ má bá wọn jà, ẹ bi wọ́n ní pẹ̀lẹ́ pé pátákó dà, ẹ ya fọ́tò títì náà níwá lẹ́yìn, bó bá sì dá yín lójú pé kò síbẹ̀, ẹ ní kóòtù lẹ fẹ́ lọ.