Ta ló sọ fún yín pé ọ̀kan náà ni gbogbo gíráòtì?

Inú ń bí mi gan-an, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ síta kí n má baà ṣàìsàn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ta ohun èlò ilé kíkọ́ n'Ìbàdàn yìí àti ẹ̀yin táìlà tẹ́ ẹ̀ ń to táìsì, ojú mi ti rí màbo lọ́wọ́ yín lórí ọ̀rọ̀ gíráòtì, ìyẹn ìyẹ̀fun símẹ́ǹtì tá a máa ń pò tá a fi ń dí àlàfo àárín táìsì. Téèyàn bá dé Ògùnpa tó ní òun fẹ́ ra gíráòtì, kò sẹ́ni tó máa bi í pé kí lo fẹ́ fi ṣe, báwo ni àlàfo ẹ̀ ṣe fẹ̀ tó, ṣé inú ilé ni àbí ìta, ṣé omi máa ń dé ibẹ̀. Wọ́n á kàn nawọ́ sẹ́yìn, wọ́n á ju ọ̀rá funfun kan síwájú ẹ, "Àǹtí, ẹ mú eléyìí, òun ni gbogbo èèyàn ń lò." Ẹ wá bi wọ́n pé èwo ló ní yanrìn nínú, èwo ni ò ní, wọ́n á bú sẹ́rìn-ín. "Yanrìn kẹ̀? Ọ̀kan náà ni gbogbo ẹ̀ jàre."

Irọ́ ni! Kì í ṣe ọ̀kan náà, kò sì lè jẹ́ ọ̀kan náà láéláé.

Iṣẹ́ mòsáíkì ni mò ń ṣe o. Àfọ́kù táìsì, dígí, àwo tánganran tó ti fọ́, mo máa ń gé e wẹ́wẹ́ mo sì máa ń tò ó lọ́kọ̀ọ̀kan títí á fi di àwòrán lára ògiri tàbí lórí tábìlì. Táìlà ní tiẹ̀, gbogbo táìsì ẹ̀ ló dọ́gba, ó láwọn rọ́bà kéékèèké tó ń fi sáàárín ẹ̀ kí àlàfo lè bára mu. Tèmi ò rí bẹ́ẹ̀. Níbì kan àlàfo á há débi pé bébà lásán ló lè gba ibẹ̀, níwájú díẹ̀ ìka ọmọdé á wọ inú ẹ̀. Ìdí tí mo fi máa ń dúró yẹ ọ̀rá wò lọ́jà nìyẹn, tí wọ́n á wá máa pè mí ní oníwàhálà. Àlàfo tí ò bá tó mílímítà 3, èyí tó kúnná tí ò ní yanrìn ló ń wọ inú ẹ̀ dénú. Tó bá ti ju mílímítà 3 lọ, ẹ lo èyí tó ní yanrìn, torí símẹ́ǹtì nìkan máa ń súnkì tó bá ń gbẹ, yanrìn yẹn ló ń dì í mú tí ò fi ní sán. Àmọ́ ẹ tún lọ fi oníyanrìn ra ojú dígí tàbí mábù tó ń dán, á ha á yánnayànna, ẹ ò sì lè rí nǹkan ṣe sí i mọ́. Ṣé ẹ wá rí i pé èèyàn ní láti ronú kó tó ra nǹkan yìí?

Èyí tó wá jẹ́ kí n gbé ọwọ́ lórí báyìí ni ti Akóbọ̀. Màmá kan gbéṣẹ́ fún mi, ògiri ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ omi lẹ́yìnkùlé wọn, wọ́n ní káwọn ọmọ-ọmọ àwọn máa rí nǹkan tó rẹwà wò tí wọ́n bá ń fọwọ́. Mo to ẹyẹ ọ̀kín sí i. Ìrù ẹ̀ nìkan gba iṣẹ́ tí mi ò lè ṣàlàyé, búlúù tó jinlẹ̀ bí aró, àwọ̀ ewé, àfọ́kù dígí ní ojú kọ̀ọ̀kan tó wà lórí ìyẹ́ ẹ̀ kó lè máa kọ mànà tí oòrùn bá bọ́ sí i. Mo sọ fún fọ́máànù tó ń bá màmá mójú tó ilé pé ẹ má fọwọ́ kàn án o, gíráòtì dúdú ni màá gbé wá, màá fúnra mi fi í. Ó ní ó ti yé òun. Kí n tó padà débẹ̀, òun àti táìlà ẹ̀ ti "bá mi parí ẹ̀." Wọ́n fẹ́ ṣe mí lóore!

Símẹ́ǹtì funfun ni wọ́n pò. Ó ṣàn bí ògì ni, omi pọ̀ jù nínú ẹ̀, wọ́n wá da POP, ìyẹ̀fun funfun tí wọ́n fi ń ṣe àjà ilé, lé e lórí "kó lè tètè gbẹ." Ẹ gbọ́ mi o, ara ògiri tí omi ń ta sí láàárọ̀ lálẹ́! POP ò fẹ́ràn omi, rírọ̀ ló máa ń rọ̀ tí omi bá ń kàn án lójoojúmọ́, téèyàn bá tún pò ó mọ́ símẹ́ǹtì, inú omi yẹn náà ni àwọn méjèèjì á ti máa bára wọn jà, á wú, á sán, á máa já bọ́. Omi tó pọ̀ jù tún jẹ́ wàhálà tiẹ̀ lọ́tọ̀, torí tí omi yẹn bá ti fà lọ, ihò wẹ́wẹ́ ló ń fi sílẹ̀. Gíráòtì gidi máa ń ki, èèyàn á pò ó, á fi sílẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú 5 sí 10 kí omi lè wọnú ẹ̀, á tún un pò, á wá fi fúlótì onírọ́bà, pátákó pẹlẹbẹ tó ní rọ́bà lójú, tẹ̀ ẹ́ wọlé láti ọ̀tún láti òsì. Tó bá ti ń le, ẹ má bu omi sí i mọ́, èyí tó bá ti le nínú korobá, ẹ dà á nù sílẹ̀, ẹ má dà á sí ṣíńkì.

Àti pé funfun kẹ̀? Lára ọ̀kín? Tí gíráòtì bá funfun láàárín àwọ̀ tó dúdú báyẹn, ìlà yẹn lojú máa rí, kò ní rí ẹyẹ. Gbogbo ìrù tí mo to yẹn ti fọ́nká, àfọ́kù lásán ló kù. Dúdú tàbí aláwọ̀ eérú tó jinlẹ̀ ló máa ń jẹ́ kí búlúù jáde kó sì tàn. Mo sọ fún wọn!

Wọn ò tún nù ún lásìkò. Tí gíráòtì bá ti mú díẹ̀, bí ìṣẹ́jú 15 sí 30 bí ọjọ́ bá ṣe rí, èèyàn á fún fóòmù dáadáa kó má kán tó-tó, á nu ojú àfọ́kù náà jẹ́jẹ́. Wọ́n fi í sílẹ̀ di àárọ̀ ọjọ́ kejì. Nígbà tó wá le mọ́ ojú ẹ̀, wọ́n gbé sáńpépà tì í, wọ́n ha gbogbo dígí mi. Sáńpépà ò ká a, ni wọ́n bá da ásíìdì sí i. Ásíìdì! Ohun tó ń jẹ símẹ́ǹtì ni wọ́n fi fọ símẹ́ǹtì tí ò tíì pé ọjọ́ kan. Ó ti jẹ ẹ́ wọnú, ó gba ẹ̀gbẹ́ wọ ẹ̀yìn dígí, fàdákà tó wà lẹ́yìn ẹ̀ ti ń dúdú. Mo fi èékánná gbá a báyìí, ó ń rọ bí ìyẹ̀fun. Ọmọkùnrin tó sì fi ọwọ́ lásán po gbogbo ẹ̀, símẹ́ǹtì ti jẹ ẹ́ láàárín ìka, kò sẹ́ni tó fún un ní ìbọ̀wọ́, ìyẹn gan-an tún dùn mí.

Ẹ sì má gbàgbé pé kò yẹ kí wọ́n jẹ́ kó tètè gbẹ rárá. Omi ni símẹ́ǹtì fi ń le, oòrùn ọ̀sán Ìbàdàn á fa omi yẹn jáde wàràwàrà, ìdí tá a fi ń fi ọ̀rá bò ó tá a sì ń wọ́n omi fẹ́ẹ́rẹ́ sí i fún bí ọjọ́ 3 nìyẹn. "Kó lè tètè gbẹ." Ta ló ń lé yín?

Màmá yẹn bi fọ́máànù léèrè, fọ́máànù wá ní ṣebí eré òyìnbó ni mòsáíkì, àwọn ò kọ́ ọ. Ẹ dákun, ẹ lọ sí Ilé-Ifẹ̀. Àpáàdì làwọn bàbá wa tò sílẹ̀ níbẹ̀, wọ́n gbé e dúró lórí etí ẹ̀, wọ́n tò ó mọ́ra pẹ́kípẹ́kí, ìtàn ní Ọ̀ọ̀ni Lúwòó tó jẹ́ obìnrin ló pàṣẹ ẹ̀. Ó ju ọdún 500 lọ, ó ṣì wà nínú ilẹ̀ títí di òní, tiyín ò wá lè lo ọ̀sẹ̀ kan lára ògiri, ẹ tún ń pè é ní eré òyìnbó.

Ẹ̀yin ọlọ́jà náà ò mọ́wọ́ nínú ẹ̀. Símẹ́ǹtì funfun, POP, gíráòtì, gbogbo ẹ̀ lẹ̀ ń tú sínú ọ̀rá kéékèèké tí ò lórúkọ, ìyẹ̀fun funfun ni gbogbo wọn, báwo lèèyàn á ṣe mọ̀ ọ́n yàtọ̀? Mo ti wá ń bu díẹ̀ po nílé kí n tó lò ó. Tó bá móoru tó sì le láàárín bí ìlàjì wákàtí, POP ni wọ́n tà fún mi, torí símẹ́ǹtì á gba wákàtí díẹ̀. Àwọn míì á ta èyí tó ti fa omi nínú ṣọ́ọ̀bù, tó ti di kókó, wọ́n á ní kí n sẹ́ ẹ. Símẹ́ǹtì tó ti di kókó ti kú, kí ni mo fẹ́ sẹ́? Tí mo bá sì béèrè dúdú, wọ́n á ní kò sí, kí n ra funfun kí n da ọ̀dà ilé sí i. Oxide dúdú, ìyẹ̀fun tó ń yí àwọ̀ símẹ́ǹtì padà, wà nínú ọjà yẹn kan náà, òun lèèyàn ń pò mọ́ ọn ní gbígbẹ, kó má ju ìdá 10 nínú 100 ìwọ̀n símẹ́ǹtì lọ kó má baà sọ ọ́ di aláìlágbára, kéèyàn sì kọ́kọ́ dán díẹ̀ wò kó gbẹ, torí tútù ẹ̀ máa ń dúdú ju gbígbẹ ẹ̀ lọ. Ẹ̀ ń tà á, ẹ ò sọ fún èèyàn!

Ní báyìí ó di dandan ká fi ìṣó àti ọ̀bẹ yọ gbogbo ẹ̀ kúrò láàárín àfọ́kù lọ́kọ̀ọ̀kan láìfọ́ dígí, ká sì pààrọ̀ èyí tó ti bàjẹ́. Táìlà yẹn pè mí lánàá pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ màmá." Mi ò bá ẹnikẹ́ni bẹ ẹnikẹ́ni. Kí òun àti fọ́máànù ẹ̀ wá s'Ákóbọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, kí wọ́n mú ìṣó tiwọn dání, owó gíráòtì dúdú tó kàn yìí, àwọn ló máa san án.