Kì í ṣe dátà ni wàhálà yẹn
Tíṣà kan ní láìsí dátà, tábúlẹ́ẹ̀tì ò wúlò fún ọmọ iléèwé. Mi ò gbà. Raspberry Pi 4 kan (kọ̀ǹpútà kékeré bí àtẹ́lẹwọ́), káàdì mẹ́mórì 64GB àti Kolibri (áàpù ẹ̀kọ́ tó ń ṣiṣẹ́ láìsí íńtánẹ́ẹ̀tì) ti tó. Ẹ dánlóòdù ẹ̀kọ́ sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ní ìlú bíi Kabba tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dáa díẹ̀, kí ẹ gbé e lọ sí abúlé, àwọn ọmọ á so tábúlẹ́ẹ̀tì wọn mọ́ Wi-Fi rẹ̀, wọ́n á ṣí i bí ẹni ṣí wẹ́ẹ̀bù. Dátà ò jó rárá. Tí kíláàsì bá pọ̀, ẹ ra ráútà (ẹ̀rọ tó ń pín Wi-Fi) lọ́tọ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ fídíò á kàn máa yí kiri ni.

Ẹ̀yin tí ẹ kọ̀wé ṣáájú pé iná ló máa bà á jẹ́, òótọ́ ni, àmọ́ káàdì yẹn gan-an ló ń kú. Tí iná bá lọ lójijì nígbà tó ń kọ nǹkan sínú káàdì, fáìlì á dàrú, kò ní tan mọ́. Páwà báńkì tó ń gbé 5V, 3A jáde ni kí ẹ fi gbè é. Iná tí ọ̀pọ̀ wọn ń gbé jáde máa ń gé fírí nígbà tí ẹ bá yọ wọ́n lára iná, ẹ̀rọ á sì tún ara ẹ̀ tàn. Ẹ dán èyí wò lójú ẹni tó ń tà á, kí ẹ tó sanwó. Kí ẹ sì ṣe ẹ̀dà káàdì náà sílẹ̀.