Àtúnṣe: X-ray nìkan kò tó fún orúnkún tó yẹ̀

Wọ́n ń pín in kiri lórí WhatsApp pé bí egungun ojú orúnkún bá yẹ̀, tí X-ray kò sì rí nǹkan kan, kò séwu mọ́. Irọ́ ni. Egungun ni X-ray ń fi hàn. Kátílẹ́ẹ̀jì, ohun dídán tó bo orí egungun, kì í hàn níbẹ̀. Bí egungun ojú orúnkún náà bá sì ṣe ń padà sáyè rẹ̀, ó lè gbá ẹ̀gbẹ́ egungun itan, kí kátílẹ́ẹ̀jì ya. MRI, ẹ̀rọ tó ń fi agbára mágnẹ́ẹ̀tì ya àwòrán inú ara, ló ń fi èyí hàn, bó tilẹ̀ lè má rí ọgbẹ́ kékeré. Ó wọ́n, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n bí orúnkún bá ṣì ń wú, tó ń há, ẹ jọ̀ọ́, ẹ béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ dókítà egungun.